Ta Ló Kó Làpálàpá Wọlé?

Èrò kún ilé ìwòsàn ẹranko wa ní ìlú Margilan nígbà tí Ìyá Hosiyat gbé ológbò rẹ̀ sórí tábìlì mi.

"Dókítà, ọmọ mi, irun Mosh ń re."

Mo tún ìbòmú mi ṣe, mo sì wo etí ológbò náà. Irun ti re ní roboto-roboto, awọ ibẹ̀ sì ń bó.

"Làpálàpá ni, Mama. Ó máa ń ran èèyàn. Ṣé ó ti mú ẹnikẹ́ni nílé yín rí?"

Ó yínmú.

"Ìyàwó ọmọ mi ni. Ó bo gbogbo ọrùn rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo ní ilé bàbá rẹ̀ ló ti kó o wá. Mo lé e jáde, gbogbo àdúgbò ń wò."

"Ṣé Mosh ti wà nílé nígbà náà?"

"Ẹsẹ̀ ìyàwó yẹn gan-an ló máa ń sùn sí..."

Ó wo Mosh, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Mo fún un ní ìpara fún ológbò. Lẹ́yìn náà, mo ní kó ṣí ìborùn rẹ̀.

Àmì pupa roboto-roboto mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀.

"Làpálàpá rèé lára ẹ̀yin náà, Mama! Ta ló máa wá lé yín jáde?"

Gbogbo èrò yíjú sí wa.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, rọra sọ̀rọ̀."

Mo yọ ìbòmú mi.

"Ẹ ò rọra sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ lé mi."