Mo-Kọ́kọ́-Gbọ́ àti Orin Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ yín, ìka ti ń yún yín. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ìka tó ń yún èèyàn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

1.

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Kọ́kọ́-Gbọ́. Kò sí ìròyìn tí ẹ máa gbé dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní sọ pé òun ti gbọ́. Bí wọ́n bá bímọ, ó ti gbọ́. Bí iná bá máa lọ, ó ti gbọ́ kó tó lọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú o! Ó lawọ́, ó lẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ obìnrin bí ẹyinjú.

Aránṣọ ni àbúrò yìí, àmọ́ orin ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń tẹ màṣíìnì, ẹnu rẹ̀ á máa ṣẹ̀dá orin. Ó ti gbé orin jáde fúnra rẹ̀ rí, láìsí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ, ó parí.

Àfi bí orí ṣe bá a ṣe é. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wà lórí rédíò, obìnrin tí gbogbo ìlú máa ń gbọ́ ní àárọ̀ Sátidé. Ó ní kí aránṣọ gbé orin tuntun wá. “Àmọ́ orin tí etí kankan ò tíì gbọ́ ni mo máa ń lò o. Tó bá ti jáde ṣáájú, má wulẹ̀ wá.”

Aránṣọ wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó jókòó sáàárín aṣọ tó so rọ̀ kí ariwo má baà wọlé, ó kọ orin náà sínú fóònù láti fi dán an wò. Ó kọ ọ́ dé àárín báyìí ni Màmá figbe ta láti ọ̀dẹ̀dẹ̀:

“Ta ló gbé sálúbàtà mi o?”

Igbe náà wọnú orin. Ẹ̀rín pa aránṣọ, ó ń kọrin lọ. Ó ṣe tán, ó máa lọ kọ èyí tó mọ́ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ó fi ti àkọ́kọ́ yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbọ́ ibi tó kù sí. Ẹ̀yin nìkan ni mo fún o.”

“Èmi kẹ̀? Ẹnu mi ti dí.”

2.

Ẹnu dí lóòótọ́, ìka ò dí.

Oníbàárà kan jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kò sí orin tuntun tó dáa mọ́ láyé. Mo-Kọ́kọ́-Gbọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tẹ fóònù. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, oníbàárà ti dìde pẹ̀lú orí tí wọn ò tíì gẹ tán, ó ń jó.

“Fi ránṣẹ́ sí mi!”

“Àbúrò mi ló ni ín. Má fún ẹnikẹ́ni o.”

Oníbàárà fi fún ìyàwó rẹ̀, ó ní kó má fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun náà ní kó má fún ẹnikẹ́ni. Bí “má fún ẹnikẹ́ni” ṣe yí ìlú po nìyẹn. Nígbà tó fi máa di Fúráìdé, àwọn ọmọ iléèwé ń ké e, àwọn mẹkáníìkì ń ké e: “Ta ló gbé sálúbàtà mi o?” Kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni orin.

3.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pe aránṣọ. “Orin tí o gbé wá fún mi, ọmọ mi ti ń kọ ọ́ ní balùwẹ̀. Mi ò lè lò ó mọ́. Má bínú.”

Aránṣọ gbórí lé màṣíìnì, ó sunkún. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé orin rẹ̀ tó mọ́, tí kò ní igbe Màmá nínú, jáde fúnra rẹ̀. Ì bá kúkú sàn ká ní kò gbé e jáde. “Olè!” làwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀. “O jí orin olórin! Sálúbàtà dà?”

Orí àga onígbàjámọ̀ náà ni oníbàárà mìíràn ti sọ ọ́. “O ti gbọ́? Aránṣọ kan jí orin onísálúbàtà.”

Mo-Kọ́kọ́-Gbọ́ ò tíì gbọ́. Ó sáré délé ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wò ó, omi lójú.

“Ẹ̀yin nìkan ni mo fún.”

Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni Màmá ń wò.

“Ìwọ! Sálúbàtà ta nìyẹn?”

4.

Ìjọ̀ngbọ̀n yẹn náà ló bí ẹ̀rín. Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀ kó máa gbé fídíò wọn lọ sórí ayélujára, aránṣọ ń kọrin, gbogbo ayé ń wò ó. Nígbà tó kan Màmá, ó figbe ta láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bíi tàtijọ́: “Ta ló gbé sálúbàtà mi o?” Ni onígbàjámọ̀ bá wọlé láìwọ bàtà, sálúbàtà lọ́wọ́.

“Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo gbé sálúbàtà yín, èmi náà ni mo gbé orin àbúrò mi síta láìgbàṣẹ. Òun ló ni ín.”

Màmá fà á létí níṣojú gbogbo ayé.

Háà, ìlú rẹ́rìn-ín! Àwọn tó pe aránṣọ lólè ń tọrọ àforíjì, wọ́n wá ń rọ́ lọ gbọ́ orin náà níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí. Àwọn kan tilẹ̀ gbé sálúbàtà tuntun wá fún Màmá. Àmọ́ orin yẹn ò dé orí ètò sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láéláé. Àǹfààní yẹn ti lọ. Obìnrin náà ní kó gbé òmíràn wá.

5.

Nígbà tí òmíràn máa jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ nínú ilé. Sátidé pé, ṣọ́ọ̀bù kún, gbogbo wọn dojú kọ rédíò.

“O ti gbọ́ ọ ṣá?” ni oníbàárà tó wà lórí àga béèrè.

“Rárá o,” ni onígbàjámọ̀ wí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú wò ó.

Orin bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ń kọ ọ́ pé nígbà tóun kéré, tí òkùnkùn ń ba òun lẹ́rù, ẹ̀gbọ́n òun ló máa ń fi kóòmù lu tábìlì kí òun lè kọrin títí oorun á fi gbé òun lọ.

Onígbàjámọ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ọ̀gá, orí mi o!” Ẹ̀rọ ìgẹrun ọwọ́ rẹ̀ ti la ọ̀nà gba àárín orí oníbàárà kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìkìlọ̀ rè é. Tí olórin tó ń tiraka bá fi orin tí kò tíì jáde sí yín lọ́wọ́, ẹ dì í mú. Kí èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ kọ́ ni ìfẹ́. Tó bá gbé e jáde, ẹ lọ síbi tó gbé e sí, ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ wá máa pariwo rẹ̀ títí ohùn yín á fi há. Ìtàn tèmi yìí ti jáde ní tirẹ̀, ẹ lè fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.