Ọsàn Mẹ́wàá Lórí Tábìlì Waheedah

Ọsàn mẹ́wàá ni Waheedah tò sórí tábìlì nínú yàrá tí Auntie Abọ́sẹ̀dé fún un ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí èso ṣe lè pẹ́ nílé láìsí fíríìjì ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé. Ó fi omi efinrin pa gbogbo wọn lára, ó sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìkankan ò bá bu títí di ọjọ́ kọkànlélógún, Dọ́kítà Francis, ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, yóò gbà á fún PhD. Bí wọ́n bá bu, físà rẹ̀ tán nìyẹn, ó di Ṣakí.

Láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, ìdí ọsàn ló ń kọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, nọ́ńbà ara ọsàn keje wọ́ díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ padà. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ó jọ pé ọsàn kẹta sanra sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ò roorun sùn, kí lojú ẹ̀ ò ní rí?

"Ṣé wọn ò tíì máa rùn?" Auntie bi í, báàgì ọjà Woolwich lọ́wọ́. "Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá ẹ wá pè mí lọ́bùn o."

"Kò sí nǹkan kan, Auntie. Ẹ ṣáà máa bá mi ṣàdúrà."

"Fọkàn balẹ̀ jàre. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

Ọjọ́ pé. Dọ́kítà Francis dé. Woolwich ni wọ́n bí i sí. Waheedah ò gbọ́ kó sọ ju òyìnbó lọ rí. Nígbà tí Auntie ṣílẹ̀kùn, Dọ́kítà tẹrí ba kí i kó tó wọlé. Ó gbé ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí i, ó gbóòórùn rẹ̀.

Dọ́kítà ní kò sí èyí tó bu, òun ò sì rí irú ẹ̀ rí. Ó fa bírò yọ, ó ṣí fọ́ọ̀mù. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Waheedah.

Auntie fà á mọ́ra, ó fi Yorùbá sọ ọ́ kí àlejò má baà gbọ́. "Ṣé o rí i? Èyí tó bá ti bu, mo ń jù ú nù, mo ń fi ti ọjà rọ́pò ẹ̀, mo tún ń lẹ nọ́ńbà ẹ̀ padà. Ìwọ gan-an ò mọ̀!"

Dọ́kítà Francis gbé bírò kúrò lórí ìwé, ó fi Yorùbá tó já gaara ní, "Auntie, mélòó lẹ ti pààrọ̀?"