Eunice àti Òwú Tí Kò Ti Ara Àgùntàn Wá

Ẹ má tíì sún ìtàn yìí kọjá o. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, torí ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ló ń bá wí.

1.
Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Clara àti Eunice. Nọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì ní Atlanta, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì ń lọ ní Lilburn. Nígbà tó yá, Clara ra ilẹ̀ kékeré kan lẹ́bàá Covington, ó ń sin àgùntàn mẹ́jọ níbẹ̀, ìran àtijọ́ tí kò pọ̀ mọ́. Lọ́dọọdún, á rẹ́ irun wọn, á fọ̀ ọ́, á fi ran òwú. Àwọn tó ń hun fìlà àti súẹ́tà ń wá rà á láti ọ̀nà jíjìn.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, pásítọ̀ pe Clara síwájú torí iṣẹ́ òwú rẹ̀, ìjọ pàtẹ́wọ́. Eunice náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ta á bíi pé wọ́n bu ata sí i. Ṣé Clara tóun kọ́ ní mọ́tò wíwà nìyí?

2.
"Eunice mi, tó o bá fẹ́ sin tìẹ, please bi mí kó o tó rà á," ni Clara wí. "Kì í ṣe gbogbo àgùntàn la ń fi irun rẹ̀ ran òwú o."

Eunice yínmú. "Ìwọ! Èmi tí bàbá mi ní odindi agbo ní Ìgbòho?"

Ó ra méjìlá sí Loganville, àwọn tó jọ ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kéde fáwọn ìyá ìjọ pé kí wọ́n wá ra òwú lọ́jọ́ Sátidé tó máa parí oṣù kẹrin.

3.
Ọkùnrin tó ń rẹ́ irun àgùntàn dé, ó fọwọ́ pa wọ́n lára, ó mi orí. "Màdáàmù, irun wọn ò ju ti ewúrẹ́ lọ. Kò sí nǹkan tí mo máa rẹ́."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ló ń rẹ́ irun àgùntàn nílé wa? Ẹran la mọ̀ ọ́n sí!

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ Eunice. Kò pe Clara. Ṣọ́ọ̀bù ló lọ, ó ra òwú ilé iṣẹ́, ó já bébà tó wà lára òwú náà dànù, ó lẹ bébà mìíràn tó kọ orúkọ oko tirẹ̀ sí mọ́ ọn.

4.
Màmá Faith, ìyá àgbà tó ń hun fìlà fáwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, ló kọ́kọ́ dé. Ó gé òwú díẹ̀, ó ṣáná sí i. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jó, á sì di eérú. Èyí yọ́, ó sì dì bí ọ̀rá tó jó.

"Eunice! Orí ọmọ ìkókó lo fẹ́ kí n fi èyí bò?"

"Ẹ má bínú, mà..."

Bẹ́ẹ̀ ni truck Clara wọlé, ọmọ àgùntàn méjì lẹ́yìn, rìbọ́ọ̀nù lọ́rùn wọn. "Eunice, abo méjì tí mo ti ń tọ́jú fún ẹ láti Kérésì rèé! Surprise ni mo..." Ó rí òwú tó yọ́ nílẹ̀. Ó wo ojú àwọn méjèèjì.

"Eunice, ṣebí mo ní kó o bi mí."

Ó yí ọkọ̀ padà pẹ̀lú ẹran rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ìlara. Ẹni tẹ́ ẹ ń bá figagbága lè máa tọ́jú nǹkan pa mọ́ dè yín. Ẹ bi í ní ìbéèrè. Àgùntàn méjìlá Eunice ṣì wà ní Loganville títí dòní. Ọ̀rẹ́ ni kò ní mọ́.