Tíkẹ́ẹ̀tì Kẹ́hìndé

Orí fóònù ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wa sí ilé ọnà ńlá tó léfòó sójú ọ̀sà. Méjì ni mo fẹ́ rà, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà yarí. Ìbejì ni wọ́n. Láti kékeré tí Kẹ́hìndé wọn ti kú, ohunkóhun tí a bá rà fún wọn, méjì ni. Mo kùn títí kí n tó ra mẹ́ta.

Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wá. "Ẹni kẹta yín dà?"

"Ó ti wà nínú ilé," ni Màmá dáhùn.

Ilẹ̀kùn ronú díẹ̀, ó ṣí.

Àwọn ère ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó sùn. Màmá ò wo ọ̀kankan, àfi ère ìbejì kékeré kan tí olè jí gbé nílé wọn láyé ọjọ́un. Ìyá wọn ti wẹ̀ ẹ́ títí tí ojú rẹ̀ fi parẹ́. Bí Màmá ṣe nawọ́ sí i, gíláàsì tó bò ó yọ́ bí omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Màmá wí, wọ́n sì pọ̀n ọ́n.

"Màmá, wọn ò ní jẹ́ ká gbé e jáde o!"

Wọ́n kọrí sọ́nà àbájáde. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èèyàn mẹ́ta," ló wí. "Ẹ pé. Ẹ rọra máa lọ o."