Ẹ Má Dá A Sí

Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé Lágbàáyé ni, fóònù ilé iṣẹ́ rédíò ò sì sinmi láti àárọ̀. Ìyá Gbogbo Ọmọ, bí àwọn olùgbọ́ ṣe ń pe atọ́kùn ètò náà, fi ìpara ra ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wú. Ó sọ fún obìnrin tuntun tó ń darí ẹ̀rọ pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló há a.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọmọbìnrin kan wà lórí fóònù. Ohùn ẹ̀ ti há."

"Gbé e wọlé."

"Wọ́n nà mí láàárọ̀ yìí," ni ọmọ náà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wáyà ni. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde lẹ́yìn mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo sá sí."

"Ṣé ìyá tó bí ẹ ni?"

"Rárá, mà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé."

Omijé lé sójú Ìyá Gbogbo Ọmọ. Inú bí i gidigidi. Ó fi orin sí i, ó sì yíjú sí obìnrin náà.

"Gba àdírẹ́sì ẹ̀, kó o fún àwọn tó ń pè. Ká tó rí ọlọ́pàá, wọ́n á ti pa á!"

Orin ò tíì tán tí mẹkáníìkì kan fi pè pé òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ òun ti dé ẹnu géètì náà, pẹ̀lú irin lọ́wọ́.

"Ẹ wọlé!" ni atọ́kùn kígbe sórí afẹ́fẹ́. "Ẹni tó ń fi wáyà na ọmọ kì í ṣe èèyàn. Ẹ jẹ́ kó mọ bó ṣe ń rí lára!"

Ọmọ náà ò tíì pa fóònù. Gbogbo ìlú gbọ́ bí géètì ṣe wó, bí gíláàsì ṣe fọ́, bí irin ṣe ń bọ́ lé èèyàn lára. Ọkùnrin kan ń ké, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́. Ọmọ náà ń pariwo pé, "Kì í ṣe àwọn ló nà mí! Kì í ṣe àwọn!" Àwọn tó ń lu ọkùnrin náà ò dúró.

"Ẹ má dá a sí!" Ìyá Gbogbo Ọmọ ń fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì. "Ẹ lù ú dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Ọkùnrin náà gbọ́ ohùn tó ń ti inú fóònù jáde, ó wọ́ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé ẹnu sí i: "Ìyàwó mi, wọ́n ti fẹ́ pa mí o, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé ìwọ lo nà án."