Ayàmáàpù Tó Pa Erékùṣù Rẹ́

"Pa wá rẹ́ lórí máàpù yẹn, Òyìnbó!" Teuira, olórí erékùṣù náà, gbá ọwọ́ ayàmáàpù mú kó tó ki gègé bọ tàdáwà. "Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti rí wa ló ń kó ẹlẹ́dẹ̀ wa lọ."

"Ìyá, ṣé kí n wá purọ́ ni?"

"Jẹ ẹja yìí ná."

Ẹja náà, tí wọ́n fi omi àgbọn sè, dùn débi pé ayàmáàpù ha erékùṣù náà kúrò lórí máàpù, ó sì fi máàpù ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọkọ̀ tó ń dúró dè é lórí omi.

Ọ̀gá ọkọ̀ gba ìwé gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Bó ṣe rí i lórí máàpù pé kò sí ilẹ̀ kankan níbẹ̀, ó ta ìgbòkun, ó di lílọ.

Ayàmáàpù sáré wọ omi, ó ń ju fìlà. "Ẹ dúró! Ẹ má fi mí síbí lọ!"

Teuira bú sẹ́rìn-ín. "Síbo?"