Ìwé Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ̀ǹpútà

Orí kunkun ni àléébù mi, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Èmi Ràṣídì gbà pé ọpọlọ mi kì í gbàgbé nǹkan.

Lọ́dún 1986, mo ń bá Ọ̀gá Kàsímù tó ń wọn ilẹ̀ ní Ajah ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní. Ohun tí o bá tẹ̀ ló máa ṣe lójú ẹsẹ̀, kò ní bi ọ́ pé ṣé o ti ronú. Ni ọ̀gá bá gbé ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kọ àṣẹ rẹ kí o tó tẹ̀ ẹ́, tó bá ṣe é tán, fàmì sí i.

“Ràṣí, o ò tíì kọ ọ́,” Fàúsátù tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

“Màá kọ ọ́ tí mo bá ṣe tán. Ṣé ìwọ ni ọ̀gá ni?”

“Rárá o. Mo kàn mọ orí ẹ ni.”

Bàbá Gbàdàmọ́sí ará Eleko ní ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ ní kóòtù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwé tá a kọ ìwọ̀n ilẹ̀ Bàbá sí ti já sínú ọ̀sà, kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tó mọ iye rẹ̀. Lọ́jọ́ Fúráídè, ọ̀gá ní kí n yí gbogbo rẹ̀ láti fíìtì sí mítà. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, iná lọ.

Nígbà tí iná dé, mi ò rántí ibi tí mo bá a dé. Mo wo ìwé, òfìfo ni. Mo ní a jẹ́ pé mi ò tíì ṣe é nìyẹn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Àṣé kọ̀ǹpútà ti ṣe é, ó sì ti fi í pamọ́ kí iná tó lọ; ó wá tún yí mítà bíi pé fíìtì ni. Ilẹ̀ Bàbá súnkì. Mo ní kí n dá a padà, ó fẹ̀ wọnú òkun. Mo tún tẹ òmíràn.

“Àṣẹ mélòó lo tẹ̀?” ọ̀gá bi mí.

“Bíi mẹ́rin, sà. Tàbí méje.”

Wọ́n wo ojú ewé òfìfo náà títí. “Ó dáa. Lọ gbé ṣéènì tá a fi ń wọn ilẹ̀, a máa tún un wọ̀n.”

Sátidé àti Sọ́ńdè, mo fa ṣéènì nínú irà Eleko, ọ̀gá ń kọ iye rẹ̀. Akàn gé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Bàbá Gbàdàmọ́sí jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò mí.

“Ràṣídì, ṣé ilẹ̀ mi ti ń dàgbà padà?”

“Ó ń dàgbà, Bàbá.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀ o.”

Ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ náà dé kóòtù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti ọjọ́ náà, Fàúsátù ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, èmi ni mò ń gbé ṣéènì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé, ohun tí a bá fẹ́ ṣe, ká kọ ọ́ ká tó ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn. Ìgbà tá a bá ní a máa kọ ọ́ tó bá yá ni iná máa ń lọ. Ẹ má fi ọpọlọ yín ṣe ìwé, bó ti wù kó dára tó. Tèmi náà dára. Ẹ bi akàn Eleko.